Àwọn Ọmọ Ogun Tí Kò Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta tiwa ti di ọdún mẹ́rin. Mo mọ̀ pé ara yín le, nítorí Màmá máa ń sọ fún mi lórí fóònù. Mo tún mọ̀ pé tí mo bá ní kí wọ́n gbé fóònù fún yín, ẹ máa ní ẹ ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́. Irùngbọ̀n wo ló ń yára hù tó báyẹn? Màmá ní ẹ sọ pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu, kó kọ ọ́ sórí ìwé. Ó dáa, mo ti mú bírò.

Iṣẹ́ mi ṣì ni iṣẹ́ tí Màmá ti sọ fún yín. Ìsàlẹ̀ ilé ìtàgé ni mo wà, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, níbi tí a ti ń lọ aṣọ àwọn òṣèré, tí a sì ń rán bọ́tìnnì tó já. Tí eré bá bẹ̀rẹ̀, màá lọ dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, kí n lè bọ́ ẹ̀wù kan lára òṣèré, kí n sì wọ òmíràn fún un kí ẹni tó ń bá a ṣeré tó parí ọ̀rọ̀. Torí kí n lè di òṣèré ni mo ṣe fi ilé sílẹ̀ wá sí òkè òkun, ṣùgbọ́n títí di òní, mi ò tíì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo lórí ìtàgé yẹn. Aṣọ tí mo lọ̀ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lẹ orúkọ eré tuntun mọ́ ara ògiri, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi áyọ́ọ̀nù jó ara mi. Opó Ẹnubodè ni. Eré àtijọ́ tí ẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, tí mo ti mọ̀ látẹnu yín kí n tó mọ̀ọ́kà. Òṣèré àgbà kan ló máa ṣe opó náà, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò dáa, wọ́n sì ń wá adelé tó lè bọ́ síbẹ̀ tí orúnkún bá kọ iṣẹ́. Olùdarí wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ-Tún-Un-Ṣe nítorí pé kò ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu, ní ẹnikẹ́ni nínú ilé náà lè wá dán an wò, títí kan àwa ará ìsàlẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ da nóòtì yín kọ fún mi. Kókó ọ̀rọ̀, àwòrán ọ̀rọ̀, ẹ̀dá ìtàn, gbogbo rẹ̀ pátá. Wọn kò fún àwa ará ìsàlẹ̀ ní ìwé eré, mo sì ti fọ́nnu fún wọn pé mi ò nílò rẹ̀, pé ọmọ ẹni tó ni ìwé náà ni mí.

Mi ò gbàgbé ohun tí ẹ sọ ní pálọ̀ lójú Bàbá Àgbà lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Ẹ ní ẹ kò ní ọmọ tó ń ṣeré orí ìtàgé. Nítorí náà mi ò mọ bí ó ṣe yẹ kí n fọwọ́ sí ìwé yìí.

Èmi ni,
Ẹni tí ẹ mọ̀.


Ogúnjọ́, oṣù kìíní

Sí ẹni tó kọ̀wé sí mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo dá a padà pẹ̀lú èyí kí o lè rí gbogbo ibi tí mo fi ìńkì pupa sí. Ìpínrọ̀ kejì gùn jù. Ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n, àfojúdi ni, mo yọ máàkì méjì. Méje nínú mẹ́wàá ni mo fún ọ, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ kò tíì bàjẹ́.

Ara wa le, ìyá rẹ kí ọ. Ọdún kẹta rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ iṣẹ́ mi kò kúrò nílùú. Awakọ̀ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́sẹ̀ yìí, ó yọ orí jáde, ó ní, “Olùkọ́, ẹ bi mí léèrè.” Mo ní, “Kí ni omi dúró fún?” Ó ní, “Ìbínú, sà.” Ọmọ tí mo kọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Ó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà.

Nóòtì nìyí, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ sójú pátákó.

Ìtàn: Opó kan ń gbé ní ẹnubodè ìlú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ta ko ọba, ó sì sá lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó padà wá kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Ìyá kò ṣí i. Ó ní, “Èmi kò bímọ. Padà síbi tí o ti wá.” Ọmọ náà sọdá odò, wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́ láyé.

Kókó ọ̀rọ̀: Ìgbéraga a máa ya ìyá àti ọmọ.

Àwòrán ọ̀rọ̀: Ilẹ̀kùn dúró fún ọkàn tó ti sé. Nígbà tí opó sọ pé “Omi ti kún”, omi yẹn dúró fún ìbínú tó kún inú rẹ̀.

Ẹ̀dá ìtàn: Opó jẹ́ ọlọ́kàn líle, agbéraga àti aláìláàánú.

Bí o bá fẹ́ ṣe é dáadáa, dúró ṣánṣán, gbé àgbọ̀n sókè, kí ohùn rẹ dún bíi ti adájọ́. Má ṣàánú ẹnikẹ́ni. Tẹ̀ lé nóòtì mi, o kò ní jìn sí kòtò.

Ní ti ọ̀rọ̀ pálọ̀, n kò ní ohunkóhun láti sọ. Ohun tí mo bá ti kọ sójú pátákó, n kì í pa á rẹ́ kí agogo tó lù.

Èmi ni,
Olùkọ́.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì

Bàbá,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́ ìńkì pupa. Mo tẹ̀ lé nóòtì yín, mo sì jìn sí kòtò.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún yín dáadáa. Àwa mẹ́rin la dán an wò lójú gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tó kàn mí, mo dúró ṣánṣán. Mo gbé àgbọ̀n sókè débi pé òrùlé ni mò ń wò. Mo ní, “Èmi kò bímọ,” bí ẹni tó ń rán olè lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tí mo parí, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo rò pé eré mi ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Olùdarí bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó rọra ní, “Àwọn ọmọ ogun ńkọ́?”

Mo ní, “Àwọn ọmọ ogun wo?”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, ó yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ nílé. Ọkùnrin tó ń tan iná lókè rín débi pé iná ń ṣẹ́jú lé mi lórí. Ọmọ ogun ọba méjì wà nínú ilé opó náà, Bàbá, wọ́n jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran yẹn títí dé òpin. Gbogbo ayé ló mọ̀ àfi èmi. Nítorí wọn ni kò ṣe ṣílẹ̀kùn. Tó bá ṣí i, wọ́n á pa ọmọ rẹ̀ sójú rẹ̀. Ó lé ọmọ náà kó lè yè, èmi sì dúró níbẹ̀, mò ń gbé àgbọ̀n.

Olùdarí kò tilẹ̀ ní kí n tún un ṣe. Ó ní kí n máa lọ, pé wọ́n á pè mí. Àtẹ̀gùn méjìlá péré ló wà láàárín yàrá wa àti ìtàgé. Ibo ni wọ́n tún fẹ́ pè mí sí?

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ẹ kọ́ mi pé obìnrin yẹn burú. Mo ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bú àwọn ọ̀rẹ́ mi rí. Báwo ni ẹ ṣe fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wo inú ilé kan, tí ẹ kò rí ọkùnrin méjì tó mú idà lọ́wọ́?

Ẹni tí ẹ mọ̀.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Sí ẹni tó kọ̀wé sí mi,

Òdo nínú mẹ́wàá.

Kò sí ọmọ ogun kankan ní ilé opó. Mo tún ìwé náà kà láàárọ̀ yìí láti èèpo dé èèpo. Opó sọ̀rọ̀, ọmọ sọ̀rọ̀, aládùúgbò kan sọ̀rọ̀ lápá ìparí. Kò sí ẹlòmíràn. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ti lọ fi ata tiwọn sí ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má sọ pé èmi ni ahọ́n mi kú.

Ṣé o mọ iye ọmọ tó ti ọwọ́ mi jáde? Dókítà wà nínú wọn, kápẹ́ńtà wà nínú wọn. Bí o bá jí wọn lójijì, wọ́n á sọ ìwà opó náà fún ọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ìwọ tí o fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu lẹ́yìn aṣọ ìkélé ni o wá fẹ́ kọ́ mi ní ìwé mi. Iṣẹ́ ìtàgé tí o tìtorí rẹ̀ fi wá sílẹ̀ ti ń so èso, mo rí i.

Má kọ̀wé sí mi nípa opó yẹn mọ́.

Olùkọ́.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Bàbá,

Mo kí yín. Ẹ ní kí n má kọ̀wé nípa rẹ̀ mọ́. Èmi kọ́ ló kọ èyí. Mo dà á kọ látinú ìwé eré gan-an, ẹ̀dà àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ olùdarí, mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ilé opó. Ọ̀sán. Àwọn ọmọ ogun ọba méjì jókòó sídìí tábìlì, idà wọn wà lórí itan. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí ìran yìí fi parí. Opó ń bu omi fún wọn. A kan ilẹ̀kùn.
ỌMỌ: Ìyá, èmi ni.
OPÓ (ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ìkòkò, ife ti kún, omi ń ṣàn sórí tábìlì): Omi ti kún.
ỌMỌ: Ìyá, ẹ ṣílẹ̀kùn.
OPÓ (ó ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ ogun): Èmi kò bímọ. Padà síbi tí o ti wá.

Ṣé ẹ rí i? Wọn kò sọ̀rọ̀, nítorí náà wọn kò sí nínú ìwé tiyín. Mo rò pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ fún ilé ìwé kó ohun tí àwọn èèyàn inú eré sọ, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀. Bàbá, omi yẹn, omi ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbàgbé láti dúró nígbà tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.

Mi ò fi ṣe yín ní yẹ̀yẹ́. Inú bí mi nígbà tí mo kọ èyí tó ṣáájú, ẹ má bínú. Ìròyìn kan wà. Orúnkún òṣèré àgbà ti wú, àwọn mẹ́ta tó kù kò sì tẹ́ olùdarí lọ́rùn. Ó ti ní kí n tún wá dán an wò ní òpin oṣù karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní sí àyè fún ará ìsàlẹ̀ mọ́, wọ́n á wá ẹni tó ti gba orúkọ níta. Mò ń ṣe é níwájú dígí yàrá aṣọ lójoojúmọ́. Mo ti sọ ọ́ pẹ̀lú omijé. Mo ti sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ti fi ìbínú sọ ọ́. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń dún. Ta ló mọ bí ìyá ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ tó ń wù ú láti gbá mọ́ra?

Tí ẹ bá ní ohunkóhun láti sọ fún mi, ẹ sọ ọ́. Tí ẹ kò bá sì ní, ó ti mọ́ mi lára láti ọdún mẹ́rin.

Ẹni tí ẹ mọ̀.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni. Bàbá rẹ kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé, má sì fi ìńkì pupa wo èyí, n kò lọ sí kíláàsì rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ìwé rẹ ti dé ni ilé wa kò ti rí bó ṣe yẹ. Ó kà á lórí ìdúró, ó jókòó, ó tún un kà. Ó wá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó gbogbo ẹ̀dà ìwé opó yẹn jáde, mẹ́sàn-án, ó ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ọmọ ogun. Mo ní ṣé èèrà ni wọ́n tí wọ́n fi lè sá pamọ́ sínú ìwé. Ó ṣí òmíràn.

Ní ọjọ́ kejì ó wọ kóòtù tó fi ń lọ sílé ìwé, ó so táì, ó wọkọ̀ lọ sí ilé ìkàwé ní olú ìlú. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Nígbà tó dé, ògiri ló ń wò. Kò jẹun délẹ̀. Irùngbọ̀n tó máa ń sọ pé òun ń fá, ó ti di igbó sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí awakọ̀ yẹn bá fọn fèrè níta báyìí, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà jáde.

Ọmọ mi, má le mọ́ ọn. Ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tó ju ti ìwé lọ, mo mọ̀ ọ́n, ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti jáde. Mo ti sọ fún un pé bí kò bá kọ ọ́ fún ọ, èmi á pè ọ́ lórí fóònù, o sì mọ̀ pé mo máa ń ṣe ohun tí mo bá sọ.

Bàtà tí o fi ránṣẹ́ há mi lẹ́sẹ̀. Èyí tó fẹ̀ ni kí o wá fún mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti dínkù? Ó yẹ kí n ti béèrè ìyẹn láti oṣù kìíní.

Àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀. Mo rí wọn ní ilé ìkàwé, nínú ẹ̀dà kan tí eruku ti bò. Bí o ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. Àwọn tó tẹ tiwa yọ ohun gbogbo tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò kí ìwé má baà nípọn. Mo jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bú obìnrin tó gba ọmọ rẹ̀ là. Mo fi bú u lójú pátákó, mo sì fún àwọn tó bá mi bú u ní máàkì. Mo ti fún ara mi ní òdo tí mo fún ọ.

O béèrè bí ìyá ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò mọ ti ìyá. Ti bàbá ni mo mọ̀.

Lọ́jọ́ tí o máa lọ, ìwé ìrìnnà rẹ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ẹ ń pè ní Bàbá Àgbà. Ìyẹn o mọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ náà ó ti pè mí, ó ní ìwọ lo máa jókòó sí ilé oògùn òun, nítorí pé òun kò bímọ, àti pé bí mo bá fi ẹnu kan bẹ òun nítorí rẹ, òun á dáná sun ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Òun ló rán mi nílé ìwé, n kò lè gbé ohùn sókè sí i. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Láti kékeré, ohun tí mo bá fẹ́ ni kì í fún mi. Ohun tí mo bá ti ní n kò fẹ́ mọ́, òun náà kì í fẹ́ ẹ mọ́, á jù ú sílẹ̀.

Nígbà tí o wọlé, tí o kúnlẹ̀, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jókòó, mo sọ ohun tí o gbọ́. Mo ní n kò ní ọmọ tó ń ṣeré orí ìtàgé, kí wọ́n fún un ní ìwé rẹ̀, kó máa lọ. Ó wò mí, ó rò pé mo ti kọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

N kò lè sọ ọ́ fún ọ kí o tó lọ, nítorí pé ojú rẹ kì í pa nǹkan mọ́. Ì bá rọrùn kí n kọ ọ́ lẹ́yìn tí o dé ibẹ̀, n kò sì kọ ọ́. Mò ń retí pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ kọ̀wé. Nígbà tó di ọdún kejì tí n kò rí ìwé rẹ, ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe eré bẹ̀rẹ̀ sí í di òtítọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀bi mi ni. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí.

Ó wá ku iṣẹ́ rẹ. Gbọ́ mi dáadáa. N kò pariwo lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni n kò sunkún. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí mò ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì láàárọ̀, pẹlẹbẹ, kí ohùn mi má baà já. N kò wo ojú rẹ, torí bí mo bá wò ó, ó parí. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ni mò ń wò, bóyá ó máa kan kọ́kọ́rọ́. Ìgbà tó kàn án, inú mi dùn. O rò pé inú ń bí mi, ọmọ mi, ayọ̀ ni mò ń gbé mì. Opó yẹn kò ní ìbànújẹ́ nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń jìnnà. Ó ti borí wọn. Ọkùnrin méjì tó ní idà jókòó níwájú rẹ̀, ó sì gba ọmọ rẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹnu lásán. Kó borí, kó má sì jẹ́ kó hàn, iṣẹ́ tí o ní láti ṣe nìyẹn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrọ́jú. Kí n má purọ́, nígbà tí mo ka ìwé yín, mo sunkún, lẹ́yìn náà inú bí mi, mo tún sunkún. Ọdún mẹ́rin, Bàbá. Mo ti jẹun ọjọ́ ìbí mi ní èmi nìkan lẹ́ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn létí. Mo ti dárí jì yín kí n tó ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ ná, ẹ̀tọ́ mi ni. Èmi náà lè kọ̀wé, mi ò kọ. Ọmọ ẹkùn kì í jọ ajá.

Ó yá, ẹ jókòó dáadáa.

Ní òpin oṣù karùn-ún, mo lọ síwájú olùdarí. Wọ́n fún mi ní tábìlì kan, ìkòkò omi kan, àti kápẹ́ńtà wa méjì láti jókòó bí ọmọ ogun. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń pe orúkọ kíláàsì. Mò ń wo ọwọ́ àwọn kápẹ́ńtà náà. Nígbà tí mo parí, mò ń dúró kó ní kí n tún un ṣe. Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ?” Mo ní, “Bàbá mi, olùkọ́ ni wọ́n.” Ó ní kí n fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Adelé ni wọ́n fi mí ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà, òṣèré àgbà fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá mi ní ìsàlẹ̀, gbogbo àtẹ̀gùn méjìlá. Ó ní, “Mo ti rí bí o ṣe ń ṣe é. Orúnkún mi ti ní kí n jókòó, èmi náà sì fẹ́ jókòó wò ó.” Bí eré ṣe di tèmi nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ àìkú la bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àga ló kún, àwọn kan dúró mọ́ ògiri. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí màá gun orí ìtàgé yẹn láìgbé aṣọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo gbé ìkòkò, mò ń bu omi. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọmọ náà ní, “Ìyá, èmi ni,” omi sì kún ife lóòótọ́, mi ò mọ ìgbà tó kún, ó tutù mọ́ mi lórí ìka ni mo fi mọ̀. Mo ní, “Omi ti kún.” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun fi ọwọ́ kan idà rẹ̀. Mo wo ọwọ́ yẹn, Bàbá, mo sì ní, “Èmi kò bímọ. Padà síbi tí o ti wá.” Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń lọ. Ọwọ́ kúrò lára idà. Mo mú àkísà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àyà mi sì kún fún ayọ̀ débi pé mo ní láti tẹrí mọ́lẹ̀.

Bàbá arúgbó kan níwájú kò lè pa á mọ́ra. Ó sọ ọ́ sókè, “Ó ti bọ́. Ọmọ yẹn ti bọ́.” Ilé náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìran tó kù kò tíì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, a ní láti dúró fún wọn. Ní ìparí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n fa aṣọ ìkélé. Òṣèré àgbà ń fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. Àwọn ará yàrá wa gòkè wá, ọ̀kan gbé áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sára ògiri níta, lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ìgbọ̀nwọ́ mi. Oṣù mẹ́ta gbáko la máa fi ṣe é.

Àwọn èèyàn ń béèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ. Mò ń sọ fún wọn pé pálọ̀ ilé wa ni.

Bàtà Màmá ti wà lọ́nà, èyí fẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí orúkọ rẹ lára ògiri. Mo ka ìwé rẹ fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, òun ló ń kà á fún mi. Mo fún ọ ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, n kò fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo wá gbé ìwé náà lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì sọ ti kọ́bọ́ọ̀dù fún un, ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́rin. Ó ní, “Nítorí náà, èmi ni ọmọ ogun nínú eré tiyín.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” N kò dá a lóhùn báyẹn rí láyé mi. Mo rò pé ó máa lé mi jáde. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ọmọ náà gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ, ilé oògùn òun ti rí ẹlòmíràn jókòó sí i. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá o ń jẹun dáadáa.

Mo pe awakọ̀ yẹn náà lójú títì. Mo ní, “Omi ni omi.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ti ń sọ ọ́ fún àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀, àwọn kan ti wá bá mi nílé pé kí n tún eré náà kọ́ àwọn. Ọjọ́ Sátidé la máa ń jókòó. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ni wọ́n báyìí, dókítà wà nínú wọn.

Lánàá, èmi àti ìyá rẹ lọ gba fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà. Yàrá náà kún, èèyàn jókòó dé ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé kan tí kò gbé ojú sókè ló ń kọ ìdáhùn wa. Ó ní ta la fẹ́ lọ wò. Mo ní ọmọ mi. Ó ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Mo ní, “Òṣèré orí ìtàgé ni.” Ariwo pọ̀, ó ní òun kò gbọ́.

Mo dìde dúró, mo tún kóòtù mi ṣe, mo sì sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́.

Bàbá rẹ.